Ẹgbẹ́ ọ̀run kì í ṣe ará inú omi

Ìbéèrè: Ta ni ẹgbẹ́ ọ̀run tí ọmọdé máa ń bá ṣeré lójú àlá? Ibo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníwàásù kan gbé gbohùngbohùn sẹ́nu lọ́jà Wàndó, níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ó ní ẹ̀mí inú omi ni wọ́n. Omi wo? Tohosu ló gbọ́ tí kò gbọ́ yé. Tohosu, ọba inú omi, ti àwọn Fọ̀n nìyẹn, ojúbọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹ gbọ́ orúkọ wọn ná: ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ni, bí èyí tí ẹ ń bá dáṣọ. Àwọn àgbà ní "Ayé lọjà, ọ̀run nilé." Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ kàn ń fi pòwe níbi ìsìnkú ni. Bí wọ́n bá rán ọmọ lọ sọ́jà tó pẹ́, ṣé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré lójúde kò ní í wá a wá sọ́nà? Ọ̀nà ọjà yẹn ni àlá. Ẹgbẹ́ á pàdé rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní àkàrà, wọ́n á bi í pé, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Ìdí nìyẹn tí ìyá mi ní Kétu kì í fi í pariwo májèlé bí ọmọ bá ní òun jẹun lójú oorun. Á se ẹ̀wà, á gé ìrèké, á pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ. Kí ọmọ rí i pé ẹgbẹ́ wà níbí náà, oúnjẹ sì wà.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, ìtàn Ifá kan ní Aláwayé ló kọ́kọ́ kó wọn wá sáyé, sí ìlú Awayé, wọ́n jẹ́ 280. Lẹ́nu ibodè ọ̀run, oníkálukú dá ọjọ́ tí òun máa padà sọ́run: ọ̀kan ní bí òun bá ti rí ojú ìyá òun, òmíràn ní ó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Pierre Verger, òyìnbó Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, kọ nípa wọn ní 1968. Ọmọ Kétu wá ń fi Faransé ka ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá sọ fún un nídìí ààrò!

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí tó wá sáyé là ń pè ní àbíkú tàbí emèrè, ṣùgbọ́n àbíkú àti emèrè kì í ṣe ọ̀kan: àbíkú ń tètè lọ, emèrè lè dàgbà, kó wá dúró de ọjọ́ ayọ̀. Àwọn dókítà ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní àbíkú. Mi ò bá wọn jà.

Orúkọ àbíkú kì í ṣe èpè o. Ẹ̀bẹ̀ ni, nígbà mìíràn ẹ̀tàn. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Àbúrò ìyá mi ń jẹ́ Málọmọ́, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Bó bá sùn lọ́sàn-án tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, ìyá mi á pè é láti ẹnu ọ̀nà: "Málọmọ́ o!" Kò ní í lajú. Á ní, "Mo ṣì wà lọ́jà."