Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Hilux tí a gbé ga, tó ń dún gbàgà nínú gálọ́ọ̀pù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Hilux ọdún 2012 ni mo ń wà, ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni mo sì sábà máa ń gbà lọ kó iṣu àti gààrí. Nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ń ha ilẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e sókè ní íǹṣì 2. Wọ́n fi spacer, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kì bọ àárín kí ọkọ̀ lè ga, sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù irin sábẹ́ líífù ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó sí gálọ́ọ̀pù, yóò dún gbàgà bí ẹni pé ṣáásì fẹ́ já. A ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ariwo náà kò lọ. Ṣé kí n fi líífù kún ti ẹ̀yìn ni, àbí kí n dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì dá a padà, ẹ má sì tíì ra líífù. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni irin tó ń lu irin gan-an, nítorí pé ibi tí irú ariwo yẹn ti lè wá ju ẹyọ kan lọ, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó lè gòkè àti ìwọ̀n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí ìgòkè rẹ̀ parí sí, rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní sítọ́pà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba ìkọlù kí irin tó kan irin. Bí ọkọ̀ ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, rọ́bà yìí ni yóò kọ́kọ́ kàn, tí ṣọ́ọ̀kì yóò ṣì ní àyè díẹ̀ láti wọlé. Bí a bá gbé ọkọ̀ sókè, tí a kò fọwọ́ kan sítọ́pà, ètò yẹn ti dàrú nìyẹn.

Spacer tí wọ́n gbé lé orí ṣọ́ọ̀kì iwájú yín kò fi nǹkan kan kún ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀kì lè rìn. Ńṣe ló ti ṣọ́ọ̀kì náà lódindi sísàlẹ̀. Nínú Hilux yìí, orí lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ṣáásì), níbi tó jìnnà díẹ̀ sí táyà, ni ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì dúró sí, ìdí sì nìyí tí spacer tí kò nípọn ju nǹkan bí íǹṣì 1 lọ fi lè gbé ọkọ̀ ga tó íǹṣì 2. Ní báyìí, bí táyà bá gòkè, ṣọ́ọ̀kì lè ti wọlé tán kí lower arm tó kan sítọ́pà, tí písítìnì inú rẹ̀ yóò sì máa lu ìsàlẹ̀ ìgò rẹ̀. A kò ṣe ṣọ́ọ̀kì fún irú ìyà bẹ́ẹ̀; síìlì rẹ̀ yóò bàjẹ́, ọ́ìlì yóò sì máa yọ. Mo fura gidigidi pé ohun tó pa ṣọ́ọ̀kì tí ẹ rà nìyẹn, yóò sì pa èyí tí ẹ bá tún rà bí nǹkan bá wà bẹ́ẹ̀.

Kí ìfura mi tó di òótọ́ ṣáá, ẹ tẹ́tí sí àsìkò tí ariwo náà ń jáde, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́kọ̀ṣe ti máa ń ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí táyà ń já sínú kòtò ló dún, tí ìró rẹ̀ gbẹ, tó dún kọ́, ṣọ́ọ̀kì nà tán ni, kì í ṣe pé ó wọlé tán. Èyí wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ki spacer bọ inú, sáàárín sípíríǹgì àti àwo tó dì í mú lókè, nítorí pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbà tí táyà kọlu etí kòtò lódì kejì, tí imú ọkọ̀ ń rì wálẹ̀, ló dún, tí ẹ sì gbọ́ ọ títí dé orí ìjókòó, a jẹ́ pé ó wọlé tán nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá sì dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ti rìn jìnnà lórí ọ̀nà jágbajàgba ni ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ti gbóná, kò sì lè kó sípíríǹgì níjàánu mọ́.

Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ po ẹfun mọ́ omi díẹ̀ kó ki, ẹ fi kun ojú sítọ́pà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá wa ọkọ̀ gba ibi tó ti máa ń dún, pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó. (Ẹ má dán an wò lọ́jọ́ òjò.) Bí ẹ bá padà dé, tí irin tó dojú kọ sítọ́pà ti funfun, rọ́bà ló ń gba ìkọlù, sípíríǹgì tàbí líífù ló ti rọ̀, tàbí kí ẹrù pọ̀ jù. Bí ẹfun bá ṣì wà bí ẹ ṣe kùn ún, tí ariwo sì dún, ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣáájú rọ́bà, àfi bí táyà bá ń ha inú fẹ́ńdà, èyí tí ẹ ó rí àpá rẹ̀ níbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ti fi táyà ńlá sí i.

Ní ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù fi íǹṣì 2 kún àyè tó wà láàárín axle (ọ̀pá ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti sítọ́pà, ṣùgbọ́n kò fi agbára kankan kún líífù. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe ṣe é, yóò máa rọ̀, bó pẹ́ bó yá yóò sán. Bí wọ́n bá sì fi ṣọ́ọ̀kì gígùn sí ẹ̀yìn láti bá búlọ́ọ̀kù mu, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tú ṣọ́ọ̀kì, ẹ tì í wọlé pátápátá, ẹ fi tépù wọn gígùn rẹ̀ láti ibi ìdè òkè dé ibi ìdè ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ibi ìdè méjèèjì lára ọkọ̀ nígbà tó dúró lórí táyà rẹ̀, ẹ yọ àyè tó wà láàárín axle àti sítọ́pà kúrò, kí ẹ tún yọ nǹkan bí íǹṣì 1 nítorí pé rọ́bà máa ń fún pọ̀. Ká ní ẹ rí íǹṣì 19, tí àyè sítọ́pà jẹ́ íǹṣì 5, íǹṣì 13 ló kù. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ṣì gùn ní íǹṣì 14 lẹ́yìn tó wọlé tán kò yẹ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nítorí náà ìṣirò yìí kò ṣe rẹ́gí, ṣùgbọ́n ó tó fi pinnu.

Ẹrù ńkọ́? Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin kì í gbà ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 lọ, gbígbé e sókè kò sì fi kìlò kan kún un. Àpò sìmẹ́ǹtì 20 tó jẹ́ kìlò 50 ni tọ́ọ̀nù 1. Bí ènìyàn 5 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tẹ kìlò 75 bá sì wọ̀ ọ́, àpò 12 péré ló kù. A kì í kọ ìwọ̀n sára iṣu bí ti àpò sìmẹ́ǹtì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ọkọ̀ oníṣu fi sábà máa ń jókòó sílẹ̀.

Bí ẹfun bá fi hàn pé ṣọ́ọ̀kì iwájú ni, ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ fi sítọ́pà tó gùn sí i, kí rọ́bà lè tún ṣáájú ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ yóò le díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì yóò pẹ́. Èyí tó wù mí jù ni kí ẹ yọ spacer, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe pọ̀ fún gíga íǹṣì 2 dípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n. Bí ẹ bá gba Ladípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Èkó, lọ rà á, ẹ mú tépù dání. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í sọ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe gùn tó.

Ní ti líífù tí ẹ béèrè, bí ẹrù bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ fi ẹyọ kan kún un, kí ẹ sì yọ búlọ́ọ̀kù, nítorí pé líífù náà fúnra rẹ̀ yóò gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń ṣófo ni, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ dín ẹrù kù. Líífù líle nínú ọkọ̀ òfìfo máa ń mú un fò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù láé. Kí wọ́n sì tún U-bolt (bóòtù tó di líífù mọ́ axle) dì lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500.

Ẹ kò béèrè nípa bíréèkì, ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Hilux, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so axle ẹ̀yìn mọ́ fáàfù bíréèkì lára ṣáásì, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sì ṣe ga tó ni fáàfù náà fi ń mọ̀ bóyá ẹrù wà nínú rẹ̀. Ní báyìí tí búlọ́ọ̀kù ti ti axle jìnnà, yóò máa kà á sí pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì máa dín bíréèkì ẹ̀yìn kù kódà nígbà tí iṣu kún un bámúbámú. Ẹ jẹ́ kí atọ́kọ̀ṣe yín sún ibi tí ọ̀pá náà so mọ́ ní íǹṣì 2, bí búlọ́ọ̀kù ṣe ga tó, kí ó sì fi ọkọ̀ tó ní ẹrù dán bíréèkì wò níbi tí èrò kò sí, kí ẹ tó tún padà sọ́nà oko.