Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Àpótí Sáńbíláàsì àti Eruku Tí Ojú Kò Rí

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí ọnà ara gíláàsì nínú abala yìí, ìbéèrè tó tẹ̀lé e pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo: àpótí sáńbíláàsì. Àpótí onírin ni, tí oníṣẹ́ máa ń ti ọwọ́ bọ̀ láti ìta, tí yóò sì máa fi ìbọn atẹ́gùn fín ohun líle tí a ti lọ̀ kúnná sára gíláàsì, títí ibi tí kò fi nǹkan bò yóò fi di funfun tí kò ní ṣeé wò já mọ́. A yan díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, a sì gé wọn kúrú.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Gíláàsì ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé ni mo ń gé tà ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ máa ya òdòdó àti orúkọ sí wọn lára. Wẹ́dà kan ti bá mi ṣe àpótí rẹ̀. Ó ní kí n máa fi ajọ̀ jọ iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé, kí n yan án gbẹ, kí n sì máa lò ó, nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ti wọ́n jù. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Ewu ńlá ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe é. Kì í ṣe pé iyanrìn kò lè ha gíláàsì. Òun gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí Benjamin Chew Tilghman, ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n náà lọ́dún 1870. Ohun tó pọ̀ jù nínú iyanrìn ìkọ́lé ni quartz, ohun alumọ́ni líle kan tí àwọn onímọ̀ ń kà mọ́ sílíkà. Bí atẹ́gùn bá ti gbá a mọ́ gíláàsì, ńṣe ni hóró kọ̀ọ̀kan ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó tóbi yóò bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì rí i. Èyí tó kéré jù lọ ni ojú kò rí, òun ló máa ń léfòó nínú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí irun imú kò lè dá a dúró, tí yóò sì wọlé lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró. Ibi tó bá bà sí, ẹran ara ibẹ̀ yóò yi, yóò sì di àpá, àpá náà kò sì ní san mọ́ láéláé.

Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní silicosis, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ikọ́ àti èémí tí kò délẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ikọ́ fée ni. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní silicosis máa ń tètè kó ikọ́ fée náà lóòótọ́. Nídìí àwọn iṣẹ́ tí eruku rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀, ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn, ṣùgbọ́n nídìí sáńbíláàsì, ọdún díẹ̀ ti tó. Ní ilẹ̀ Túúkì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń fín iyanrìn sára ṣòkòtò jíìnsì kí ó lè dà bí èyí tó ti gbó ni àìsàn yìí kọ lù, àwọn kan nínú wọn sì kú nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìyàwó. Ọdún 2009 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́, láti ọdún 1949, pé kí ilé iṣẹ́ má fi iyanrìn ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ́. Ní ọdún 1997, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka eruku sílíkà yìí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Yíyan tí wẹ́dà yín ní kí ẹ yan án kò mú nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iyanrìn funfun tó dùn-ún wò yàtọ̀: iyanrìn Ìgbókòdá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó mọ́ débi pé wọ́n torí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ níbẹ̀, sílíkà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀.

Ohun tí ẹ óò rà ni aluminium oxide tàbí silicon carbide, ìyẹn àwọn ohun kan náà tó wà lára sáńpépà tí káfíńtà fi ń dán pákó. Fún òdòdó àti orúkọ lára gíláàsì, nọ́ńbà 120 sí 180 ló dára (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni hóró rẹ̀ ṣe kúnná tó). Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jọ̀lọ̀ dáadáa, ẹ lo 220. Silicon carbide ló yá jù bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn. Ẹ wo ara àpò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sílíkà inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Iyanrìn máa ń di eruku lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n aluminium oxide yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ìbọn yóò tún fà á lò lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó kú. Èyí tó wọ́n lójú yìí ni kì í jẹ́ kí ènìyàn máa lọ sọ́jà lójoojúmọ́.

Àpótí tèmi ní ìbọ̀wọ́, ó ní gíláàsì ìwòran, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń pa dé dáadáa. Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku ṣe? Òǹkàwé yín, Òṣogbo.

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń kó sí wàhálà. Ẹ rò ó wò báyìí: ìbọn yín ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú àpótí láìdáwọ́ dúró. Atẹ́gùn náà kò lè jókòó síbẹ̀; ó gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ kò bá fún un ní ọ̀nà, yóò wá ọ̀nà fúnra rẹ̀ gba etí ilẹ̀kùn, ìdí ìbọ̀wọ́ àti ihò tí ìṣó kò kún, yóò sì gbé eruku tó kúnná jù lọ dání. Nítorí náà, bí àpótí tí kò ní ẹ̀rọ afà bá ṣe ń pa dé tó kò ṣe pàtàkì. Ohun tó ń dáàbò bò yín ni pé kí ẹ̀rọ afà máa fa atẹ́gùn jáde ju èyí tí ìbọn ń mú wọlé lọ, kí gbogbo àlàfo ara àpótí lè máa mí sínú, kí ó má mí síta.

Ẹ lè dán an wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ ya tíṣù kan tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ tan ẹ̀rọ afà, kí ẹnìkan máa yin ìbọn nínú àpótí, kí ẹlòmíràn sì mú tíṣù náà yípo etí ilẹ̀kùn, ìdí ìbọ̀wọ́ àti ibi tí wáyà iná gbà wọlé. Níbi tí tíṣù bá ti lẹ̀ mọ́ àlàfo, kò séwu. Níbi tó bá ti ń mì lọ síta, ẹ fi fóòmù tàbí rọ́bà dí i, kí ẹ tún dán an wò. Bí ó bá ń mì síta yípo àpótí, ẹ̀rọ afà yín kò lágbára tó, tàbí kí asẹ́ rẹ̀ ti dí. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi ihò ìwọlé atẹ́gùn kan sí apá tó kọjú sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fà, kí atẹ́gùn lè gba inú àpótí já kí ó sì gbá eruku lọ.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gbálẹ̀ nínú ilé, tó ní àpò aṣọ, kò ṣeé lò. Yóò gba èyí tó tóbi sínú, yóò sì fẹ́ èyí tó kúnná jáde láti ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé òun gan-an ni yóò máa fọ́n eruku ká yàrá. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní HEPA ni kí ẹ wá, nítorí pé ó máa ń mú eruku tó kéré tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìjáde rẹ̀ kọjú síta, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ojú fèrèsé aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń dín àkàrà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáwọ́ ìbọn dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afà máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú asẹ́ tàbí kó eruku kúrò, ẹ lo ìbòmú P100 tàbí, ó kéré tán, N95. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò ràn án, ìbòmú tó dára kò sì lè lẹ̀ mọ́ ojú ẹni tó ní irùngbọ̀n. Ẹ má gbọn asẹ́ mọ́ ògiri, ẹ má fi atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbálẹ̀ ibẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ́n. Èèyàn kan lè sọ pé aluminium oxide kì í ṣe sílíkà, kí ni gbogbo làálàá yìí fún? Eruku rẹ̀ náà kò yẹ ẹ̀dọ̀fóóró, bí ó bá sì jẹ́ ife kírísítà olówó iyebíye lẹ fẹ́ fín, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, òjé sì ni májèlé.

Bí owó yín kò bá tó ra ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ afà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré yóò mú kí iṣẹ́ falẹ̀, kò ní pa yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ní agbára ẹṣin méjì (2 HP), ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Mo fẹ́ fi sílíńdà gáàsì àtijọ́ kún un bíi táǹkì kejì, kí n sì fi páìpù omi PVC gbé atẹ́gùn wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ìjẹ̀bú-Òde.

Àbúrò, ẹ má dán méjèèjì wò. Sílíńdà àtijọ́ tí ipata ti jẹ inú rẹ̀, tí wẹ́dà tún wá jó ihò sí lára, kò yàtọ̀ sí bọ́ǹbù tó ń dúró de ọjọ́. Gáàsì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sì lè gbiná nígbà tí wẹ́dà bá ń jó o. Páìpù PVC lè kàn ya bí omi bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá bẹ́ ẹ, àfọ́kù rẹ̀ yóò fò káàkiri bí ọ̀bẹ. Rọ́bà atẹ́gùn tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí lára, tó ju géèjì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ, ni kí ẹ lò.

Ní ti atẹ́gùn tí kì í pẹ́ tán, ìṣirò ni. Ẹṣin kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi kúbíìkì fíìtì 3 sí 4 ní ìṣẹ́jú kan. Imú ìbọn tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì máa ń gba tó kúbíìkì fíìtì 11 ní ìṣẹ́jú kan, ní géèjì 50 (ìyẹn 50 PSI). Ẹ kò nílò agbára tó pọ̀ lórí gíláàsì: bí ìbọn yín bá jẹ́ èyí tó ń fà láti ìsàlẹ̀ àpótí, géèjì 60 sí 80 ti tó, bí ó bá jẹ́ oníkòkò, ìyẹn èyí tí atẹ́gùn ń ti ohun líle jáde láti inú ìkòkò tó ní ìdérí, 20 sí 40 ni. Ẹ lo imú tí ihò rẹ̀ kéré, kí ẹ sì máa sinmi kí táǹkì lè kún. Fáàfù tó ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ bí táǹkì bá ti kún jù, ẹ má dè é, ẹ má sì dí i. Ẹ tú omi ìsàlẹ̀ táǹkì dànù ní alaalẹ́, pàápàá nígbà òjò, nítorí pé omi ló ń jẹ irin láti inú, òun náà ló sì ń mú kí ohun tí ẹ fín di ṣìgìdì nínú rọ́bà. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, carbon monoxide, kò ní òórùn tó lè ta yín lólobó kí ó tó ṣe yín ní jàǹbá.

Peckham ni mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé ni mo sì ti ń ṣe é. Lásìkò òtútù, bí mo bá di ìbọn mú, ohun kan máa ń ta mí lọ́wọ́ bí iná.

Iná mànàmáná ni lóòótọ́. Ohun gbígbẹ tó ń sáré gba inú rọ́bà máa ń kó iná jọ, kì í sì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọwọ́ fò kí gíláàsì sì já bọ́. Ẹ fi wáyà kan so imú ìbọn mọ́ ara àpótí, kí ẹ sì fi òmíràn so àpótí mọ́ ilẹ̀. Àwọn ará ilé náà yóò rí irú rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ rántí pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ka sílíkà léèwọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí títí di òní.

Ṣé kí n kúkú lo ásíìdì, kí n bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ariwo yìí?

Rárá. Ásíìdì tí ń jẹ gíláàsì, hydrofluoric acid, máa ń gba awọ ara kọjá lọ sí egungun, nígbà mìíràn kí ó tó dunni rárá. Kì í ṣe ohun tí a ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Oníbàárà gbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wá, ó ní kí n gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ sí i kí ó jìn dáadáa. Ṣé kò ní fọ́?

Ó lè fọ́. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi iná mú le. Awọ rẹ̀ ló ń di gbogbo rẹ̀ mú, bí ẹ bá sì gbẹ́ awọ náà já, gbogbo rẹ̀ yóò tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó kàn funfun lórí lásán ni ìwọ̀n tó ṣeé ṣe, èyí náà yóò sì dín agbára rẹ̀ kù. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì ilẹ̀kùn tí wọn kò tíì mú le, ọnà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí i kí wọ́n tó gbé e wọ iná. Ẹ wo igun rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ àmì sí. Bí ẹ kò bá rí àmì, tí ẹni tó tà á kò sì lè sọ ohun tó jẹ́, ẹ dá a padà fún oníbàárà.