Èsì: Ṣé ewéko ni Euglena àbí ẹranko?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Euglena, ohun abẹ̀mí tíntìntín aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rí nínú omi gọ́tà tẹ́ ẹ bù ní Yaba yẹn, kì í ṣe ewéko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹranko. Ẹ má fipá tì í sí ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ WAEC lẹ ń múra fún, ẹ kọ "Protista", kẹ́ ẹ máa lọ. Haeckel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1866. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbátan rẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, orúkọ yẹn ò ní ràn yín lọ́wọ́. Àpò "àwọn yòókù" lásán ni, fún àwọn ohun abẹ̀mí tí kò bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Ibi tó dùn nìyí. Àwọ̀ ewé yẹn, kò bá a dáyé. Baba ńlá rẹ̀ ló gbé alga kékeré kan (ohun abẹ̀mí inú omi tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ) mì, tí kò dà nínú rẹ̀, ló bá di ilé ìdáná fún un. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára chloroplast rẹ̀, ìyẹn ilé ìdáná aláwọ̀ ewé yẹn: awọ mẹ́ta ló yí i ká, nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ló yí ti ewéko ká.

Àwọn tó wá bá a tan ni trypanosome, kòkòrò àrùn tíntìntín tí eṣinṣin tsetse ń gbé ká, tó ń fa àrùn tó ń múni sùn ṣáá. (Èmi náà lanu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.) Ẹ má fòyà ṣá, Euglena inú ife yín ò ní ṣe yín ní nǹkan kan.