Èsì: Ìyàwó tí ẹ fẹ́ hùmọ̀ fún Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ lè hùmọ̀ ìyàwó fún Kòsọ́kọ́, ọba Èkó àtijọ́, nínú ìwé ìtàn àròsọ yín. Ẹ lè fún un ní ìyàwó tí ìtàn ò mọ̀. Déètì ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: oṣù Kejìlá 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó, ó padà síbẹ̀ ní 1862. Ohun tó ń sọ nínú yàrá láàárín àkókò yẹn, tiyín ni. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ìyàwó yìí ló ní kó gba àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti 1854, èyí tí òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe o. Ọ̀rọ̀ òwò ló wà níbẹ̀: ó jọ̀wọ́ oyè Èkó, wọ́n fi èbúté Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún un. Dòsùnmú ló sì wà lórí oyè nígbà yẹn. Akítóyè, ọba tó jẹ ṣáájú Dòsùnmú, ti kú ní 1853. Ibẹ̀ gan-an làwọn òǹkọ̀wé ti máa ń ṣì í. Ẹ to orúkọ àwọn tí ẹ hùmọ̀ sẹ́yìn ìwé, torí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á bi yín ní agboolé obìnrin náà.