Ọmọ mi ti ní kòrónà rí: ṣé kó padà sórí pápá?

Ìbéèrè (Oṣù Kẹwàá 2020): Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland níbí là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 19, ó wà ní yunifásítì kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú Big Ten, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó jọ ń díje. Bọ́ọ̀lù yìí náà ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìlà iwájú ló ń dúró sí. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 4, ó wọn pọ́n-ùn 305, AS sì ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ní Oṣù Keje tó kọjá, ó kó kòrónà níbi iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà ọlidé. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọ́ òórùn ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lọ. Ìyá ọkọ mi ń bá wa gbé, wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 76, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Texas ni wọ́n wà nígbà yẹn, àmọ́ wọ́n ti padà dé báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ ní ìdíje máa bẹ̀rẹ̀ lápá ìparí Oṣù Kẹwàá yìí. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ gbá a. Èmi ò rí oorun sùn mọ́. Tí mo bá ní kó jókòó, ṣé wọn ò ní gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀? Tó bá sì gbá a, ṣé kò ní ṣubú mọ́ mi lójú lórí tẹlifíṣọ̀n?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àìsùn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹjọ 2020 yìí, NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì nílẹ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé eléré tó bá ní òun ò gbá lọ́dún yìí nítorí kòrónà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n tún fún àwọn eléré sáà yìí ní ọdún kan lé sí i, ì báà gbá, ì báà má gbá. Ọdún yìí ò ní jẹ nínú ọdún tó ní láti gbá. Ohun tí òfin ò lè bá a dáàbò bò ni ipò rẹ̀ lọ́kàn kóòṣì. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ síta, àmọ́ bí ọmọ kan bá jókòó, ẹlòmíràn á dúró síbẹ̀, onítọ̀hún sì lè mọ ibẹ̀ dúró jù ú lọ. Ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní fẹ́ sọ fún yín bí àyà bá ń dùn ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ní Oṣù Kẹjọ, ọmọkùnrin kan tó ń sáré ìje wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ti ní kòrónà, ó ti sàn, ìwé àṣẹ ló fẹ́ kí n bá òun fọwọ́ sí. Mo bi í bóyá àyà ń dùn ún, ó ní rárá. Bóyá èémí ń há a, ó ní rárá o, sà. Mo ní kó jẹ́ ká jọ gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta. Nígbà tá a dé òkè kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Okùn bàtà náà ò tú. Èmi tí mo ti lé ní 50 ọdún, tí mo gbé ikùn dání, ni mo dúró tì í tí mo ń retí kí èémí rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tá a fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọkàn rẹ̀, a rí ibi tó wú. Ilé ló wà báyìí. Kò ní sáré títí ọdún tuntun ó fi wọlé, bíńtín sì ni tọ̀hún náà máa jẹ́.

Ohun tí mo ní kí ẹ tojú bọ̀ nìyẹn. Kòrónà lè mú kí iṣan ọkàn wú. Myocarditis ni àwa dókítà ń pè é, ó sì ti wà kí kòrónà tó dé, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ló lè fà á. Bí èèyàn bá sinmi, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà téèyàn bá ń fi ọkàn tó wú sáré ni ewu rẹ̀ ń jáde: ibi tó wú lè da lílù ọkàn rú, kí ọkàn máa gbọ̀n dípò kó máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹni tó ń sáré á sì ṣubú lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù onígi (baseball), ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Eduardo Rodriguez ti Boston Red Sox. Ẹni ọdún 27 ni, alágbára ọkùnrin. Lẹ́yìn tí kòrónà lọ, ọkàn rẹ̀ ni ò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún yìí.

Báwo ló ṣe wọ́pọ̀ tó? Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án, àwọn dókítà yunifásítì Ohio State tẹ àbájáde kan jáde. Eléré 26 tó ti ní kòrónà ni wọ́n ya àwòrán ọkàn wọn, mẹ́rin nínú wọn sì ní àmì pé ọkàn wú. Kò sí ìkankan nínú àwọn 26 yìí tó sùn sílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ECG tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà ò rí nǹkan kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ò rí nǹkan kan. MRI nìkan ló rí i. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e bíi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ló máa kú, mi ò sì fara mọ́ ọn: èèyàn 26 kéré, wọn ò sì ya ọkàn eléré tí kò ní kòrónà rí láti fi wé e. Ọkàn eléré máa ń yàtọ̀ sí ti èmi tó ń jókòó lọ́fíìsì. Bó bá kàn mí, mo gbà pé iye tòótọ́ á kéré gan-an sí èyí. Síbẹ̀, ó tó ohun tí mi ò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ pé ara òun ti dá.

Big Ten náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ìpinnu wọn pé kò ní sí ìdíje padà ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní ẹni tí àyẹ̀wò bá mú kò ní bá wọn gbá ìdíje kankan títí ọjọ́ 21 á fi pé, wọ́n á sì yẹ ọkàn rẹ̀ wò: ECG, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwòrán onígbì ohùn, àti MRI. Ìlànà tó dáa ni. (Ààrẹ Trump tẹ ọ̀gá wọn láago ní ọjọ́ 1 oṣù yẹn pé kí wọ́n gbá a. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn Walter Reed tó wà ní Bethesda, ìtòsí yín níbẹ̀, ni Trump fúnra rẹ̀ sùn sí pẹ̀lú kòrónà.) Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: Oṣù Keje ni ọmọ yín ti ní tirẹ̀, nílé, kí ìlànà yìí tó dé. Ṣé wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò nígbà tó padà, àbí wọ́n kàn gba ìwé pé ó ti sàn? Èyí gan-an ni kó lọ bi dókítà ẹgbẹ́ wọn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kóòṣì ló máa bi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó bi í bóyá òun wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò fún lójoojúmọ́, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kì í tún ẹni tó ti ní in rí yẹ̀ wò títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Kò sì yẹ kó máa rò pé òun ò lè kó o mọ́. Ní Oṣù Kẹjọ, wọ́n rí ọkùnrin kan ní Hong Kong tó kó o lẹ́ẹ̀kejì.

AS tí ẹ mẹ́nu bà kọjá ohun téèyàn ń gbé gba ẹ̀gbẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé la tó ń rántí AS. Nínú eré yìí, ó lè pa èèyàn lórí pápá. Bí ẹni tó jẹ́ AS bá ń sá eré àsápajúdé léraléra nínú ooru, tí omi ara rẹ̀ ń tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa tẹ̀ kọ́dọrọ bíi ti SS, kó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú iṣan. Ní 2006, ọmọ ọdún 19 kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Rice University ní Houston ṣubú lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni. Òun ló mú kí NCAA máa béèrè jẹ́nótáìpù láti 2010. Ìgbà tó léwu jù ni ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ téèyàn bá padà, tí ara ò tíì le, tí gbogbo èèyàn sì ń kánjú. Lọ́dún yìí, gbogbo èèyàn ló ń kánjú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàrin ìgbà tí Big Ten kéde àti ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tàbí itan bá ń dun ọmọ yín, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ lójijì, kó dúró, kó jókòó, kó mu omi, kó sì sọ ọ́ sókè pé AS lòun. Ẹ jẹ́ kó ti fi dánra wò nílé láti sọ ọ́. Ọmọ ọdún 19 kì í fẹ́ sọ pé ó rẹ òun.

Ọ̀rọ̀ ara tó tóbi náà wà níbẹ̀. Pọ́n-ùn 305 lórí gíga tó ní, bó ti wù kó le tó, ó ti wọ inú àwọn tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kòrónà lè mú gan-an. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án, ọmọ ọdún 20 kan tó ń dúró sí ìlà iwájú ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Pennsylvania kú lẹ́yìn tó kó kòrónà. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí i lọ́kàn. Ikú bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ láàrin ọmọ ọjọ́ orí wọn, mi ò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún yìí.

Ṣé ẹ rí ibi tí mò ń lọ? Ẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù wé ààbò. Ẹ jẹ́ ká fi wé ibi tó máa wà bí kò bá gbá a. Lóòótọ́, ìlà iwájú ò jìnnà síra: gígùn bọ́ọ̀lù kan ló wà láàrin imú ẹni yìí àti imú ẹnì kejì, kò sì tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n ń mí gúlegúle síra lójú. Wọ́n á yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń dáàbò bo eyín, wọ́n á fi kọ́ irin àṣíborí, wọ́n á tún fi ọwọ́ kan náà dá a padà sẹ́nu. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìkọlù kọ̀ọ̀kan, gbangba ni wọ́n sì wà. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù jù ni yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, bọ́ọ̀sì, ilé oúnjẹ, àti pátí alẹ́ Sátidé nínú ilé tí fèrèsé ẹ̀ tì. Bí ọmọ yín bá jókòó tó sì ṣì ń gbé ọgbà, gbogbo ìyẹn ṣì wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ àti dókítà ọkàn nìkan ló lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló máa padà wálé, kó máa fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ara rẹ̀ á wà lábẹ́ ààbò sí i, àmọ́ inú ilé Màmá àgbà ló ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọlidé ọjọ́sí yẹn náà ló tún máa padà sí, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, màá ní kó dúró ná, kó má fara kan ẹnikẹ́ni lórí pápá títí mo fi rí èsì ọkàn rẹ̀, MRI pẹ̀lú. Bí èsì bá dáa, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lórí pápá sì mọ̀ pé AS ni, mi ò ní dá a dúró. Bí wọ́n bá ń fi èsì dọ́gbọ́n, tàbí tí wọ́n ní torí pé ó ti pẹ́, àyẹ̀wò ò pọn dandan mọ́, kó jókòó lọ́dún yìí. Ọdún tí NCAA fi lé e ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé mi ò gba ti ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ náà ti tó ẹni tó ń fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, torí náà, òun gan-an ni kẹ́ ẹ jọ ka lẹ́tà yìí. Nípa ìwé: bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbé ìwé kan fún un pé kò ní pè wọ́n lẹ́jọ́ bí kòrónà bá mú un, kó má fọwọ́ sí i. NCAA ti ní wọn ò gbọdọ̀ fi dandan mú eléré kankan fọwọ́ sí irú ẹ̀.

Màmá àgbà ni ìdí tí mo fi kọ èyí gùn tó báyìí. Bí kòrónà bá wọ ilé yín, àwọn ló máa kọ́kọ́ mú lulẹ̀. Bí ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kó má wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, kó má wá ní Thanksgiving ọjọ́ 26 Oṣù Kọkànlá. Ìdíje ò ní tíì parí nígbà yẹn. Nígbà tó bá wá wálé ní Oṣù Kejìlá, bí ìsàlẹ̀ ilé yín bá ní balùwẹ̀ àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ibẹ̀ ni kó dé sí fún ọjọ́ 14. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ara wọn, kó dúró níta, kí Màmá jókòó sẹ́yìn fèrèsé, kí wọ́n sì máa fi fóònù kí ara wọn. Ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bù ú kó pọ̀ o, ẹ mọ̀ pé pọ́n-ùn 305 lẹ̀ ń bọ́.