Ẹ má tíì dí ògiri oníhò yẹn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dí ògiri oníhò ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Bódìjà àtijọ́, kí ẹ gbé fèrèsé onígíláàsì síbẹ̀ torí eruku àti ẹ̀fọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná. Irú ẹ̀ gan-an la ní: yàrá méjì àti pálọ̀, òrùlé rẹlẹ̀, etí rẹ̀ yọ síta dáadáa, lúfà níwájú àti lẹ́yìn. Ọgbọ́n tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé ará Bìrìtìkó, lò ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ni: afẹ́fẹ́ gba ibí wọlé, ó gba ọ̀hún jáde, oòrùn ò ráyè wọ inú ilé.

Ẹnjiníà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá ní ilé tiwa kò bágbà mu mọ́. Ó dí ihò, ó yọ lúfà. Fèrèsé sísún tó fi síbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Tí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, pálọ̀ á gbóná bí ààrò búrẹ́dì.

Èyí kéré sí ti òrùlé. Asbestos, páànù sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó ní fọ́nrán òkúta nínú, ni wọ́n fi bò ó, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi òòlù fọ́ ọ tàbí kó fi ayùn gé e! Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n fi ọ̀rá dì í. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́mú kò tó.

A ti tú òrùlé apá yàrá tán nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì kan gbé ọ̀dà pupa dé. Wọ́n kọ X gàdàgbà sára ògiri, wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró, kí n mú pùláànù tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n kọ́ ilé wá. Ilé tí àjọ ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́! Mo débi tí fáìlì wà, wọ́n ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ wà ní ìsinmi. Mo padà lọ, wọ́n ní ikán ti jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, inú dúrọ́ọ̀ ẹni tó ní ikán jẹ ẹ́ náà la ti rí i. Oṣù kẹfà sì ni o. Tapólì ya lóru, sílíìnì mumi, ó wú, ó já lé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Màmá di ẹrù lọ sílé àbúrò wọn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Iléyá.

Nítorí náà, ẹ wá pùláànù yín kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé, kó sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kíkan páànù tuntun, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ẹni tó bá ní kí ẹ fi táìlì bo terrazzo, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì olókùúta wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ lé e jáde. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ dán. Ẹ má fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ sìmẹ́ńtì tó di òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀fọn tẹ́ ẹ tilẹ̀ béèrè: ẹ kan férémù igi, ẹ na nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ fi ìkọ́ há a sẹ́yìn ihò náà láti inú ilé kó ṣeé yọ fọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí eruku á dí ojú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ́síì ni dandan, yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ dí fún un, kí ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.