Iná Dé, Ẹ̀rọ Kò Rí Àdírẹ́sì Gbà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Kọ̀ǹpútà 40 ni ó wà ní yàrá wa, kò sì sí háàdì díìsìkì nínú ìkankan wọn. Orí wáyà ni wọ́n ti ń gba àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti ètò tí wọ́n fi ń jí, lọ́wọ́ sáfà kan, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, tí mo gbé sí igun yàrá. Nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tí ó sì padà dé, gbogbo wọn ni yóò máa kọ ọ́ sójú pé àwọn kò rí àdírẹ́sì gbà. Bí mo bá ń pa wọ́n tí mo sì ń tún wọn tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a jí, àfi àwọn 10 tó wà ní ìlà ẹ̀yìn, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra switch tuntun (àpótí tó ń so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) fún, tí wọn kì í jí rárá. Ṣé sáfà mi ni ó ti bàjẹ́?
Olùkọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, olùkọ́ wa. Sáfà yín kò bàjẹ́. Àìsàn méjì ni ó wà nínú yàrá náà, oògùn ọ̀kan kò sì lè wo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò mọ ibi tí ó wà, kò mọ ẹni tó wà nítòsí, kò sì ní ìdánimọ̀ kankan ju nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kọ sí i lára. Nítorí náà, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó wà lórí wáyà pé, "Ta ni yóò fún mi ní àdírẹ́sì?" Sáfà tó bá gbọ́ a dá a lóhùn pé, "Èyí ni mo ní fún ọ." Ẹ̀rọ a ní òun fẹ́ ẹ, sáfà a fọwọ́ sí i, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orí gbólóhùn mẹ́rin yìí ni ohun tí à ń pè ní DHCP dúró lé. Ọdún 1985 ni BOOTP, tí ó bí i, jáde, irú ẹ̀rọ tí kò ní díìsìkì bíi tiyín gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. DHCP dé ní 1993, pọ́ọ̀tù 67 àti 68 (nọ́ńbà ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí bàbá rẹ̀ ń lò náà ni òun náà sì ń lò títí di òní.

Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé igbe ẹ̀rọ yẹn kì í pẹ́. Ìlànà PXE, tí ẹ̀rọ tó ń jí láti orí wáyà ń tẹ̀ lé, ní kí ó ké lẹ́ẹ̀mẹrin péré. Ó ké, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Ó tún ké, ó dúró fún 8. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró fún 16. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dúró fún 32, ó sì jáwọ́. Ẹ rò ó pọ̀: ìṣẹ́jú kan péré ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni sáfà tí iná lọ mọ́ lójú ní díìsìkì láti yẹ̀ wò àti ètò púpọ̀ láti ṣí, ó sì lè lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kí ó tó la ojú, àwọn ọmọ rẹ̀ 40 ti ké títí, ẹnu ti rẹ̀ wọ́n.

Ẹ wá UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, fún sáfà náà, kí ẹ sì so àwọn switch mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí sáfà tó jí sáàárín switch tó sùn kò sàn ju sáfà tó sùn lọ. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ kò bá ká ju UPS kan lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Títí ẹ ó fi rí i rà, ẹ wọ inú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà) àwọn kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ ṣètò pé bí iná bá dé kí wọ́n wà ní pípa, kí ẹ má sì tan ọ̀kankan títí ẹ ó fi rí i pé sáfà ti jí tán.

Ní ti ìlà ẹ̀yìn, switch tuntun yín ni ó ń ṣe ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Irú switch bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́ra kí wáyà má baà yí po padà sórí ara rẹ̀, nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan bá tan, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹ́tí, ó ń fi 15 mìíràn kọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ó tó ṣí ọ̀nà. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ igbe mẹ́rin ọ̀hún: ìṣẹ́jú àáyá 0, 4, 12 àti 28 ni ẹ̀rọ ń ké, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni igbe ìkẹyìn fi ṣáájú ilẹ̀kùn, sáfà kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ lè tú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ kò ní rí ohunkóhun níbẹ̀. Switch olówó pọ́ọ́kú tó wà ní àwọn ìlà yòókù kì í ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí. Ẹ wọ inú ètò switch tuntun náà, kí ẹ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà lásán ni ó wà lórí pọ́ọ̀tù (ihò wáyà) mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà. PortFast ni ilé-iṣẹ́ Cisco ń pe ètò yìí, edge port ni àwọn mìíràn ń pè é. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan pọ́ọ̀tù tí ó so switch náà mọ́ switch mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 ni àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa máa ń gbà. Láti ọjọ́ Ajé, díẹ̀ nínú wọn ń gba èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, wọn kò sì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa mọ́.
Akọ̀wé kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹnì kan ti gbé sáfà kejì wọlé láìmọ̀. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé rí: abẹ́ tábìlì ni a ti rí router kékeré funfun kan (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, tí òun náà sì ń fúnni ní àdírẹ́sì), lẹ́yìn garawa ìdalẹ̀nù, tí iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò ní èrò ibi, ó kàn fẹ́ kí fóònù òun rí Wi-Fi lò ni. Ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé, router kékeré sì máa ń yá ju sáfà ńlá lọ.

Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà tó ṣìnà, ẹ tẹ ipconfig /all síbẹ̀, kí ẹ wo ìlà DHCP Server. Àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń wá wà níbẹ̀. Ẹ tẹ arp -a tẹ̀ lé e, ẹ ó rí nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Bí switch yín bá ṣeé wọlé sí, yóò sọ pọ́ọ̀tù tí nọ́ńbà náà wà fún yín. Bí kò bá ṣeé wọlé sí, ẹ máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ yín bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pa DHCP inú rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ wáyà náà kúrò ní ihò LAN (ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé) sí ihò WAN (ti ìta).

ÌBÉÈRÈ: Ní gbọ̀ngàn wa, àwọn tó bá pẹ́ dé kì í rí Wi-Fi lò, bẹ́ẹ̀ ni èrò inú gbọ̀ngàn kì í ju 200 lọ. Sáfà Windows ni à ń lò.
Alámòójútó gbọ̀ngàn kan, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Àdírẹ́sì 254 ni ó wà nínú irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀, àyálò sì ni sáfà fi ń fúnni. Bí ẹ kò bá yí i padà, ọjọ́ 8 ni sáfà Windows ń yá a fúnni, nítorí náà àdírẹ́sì tí ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta gbà ṣì wà lórúkọ fóònù rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Bí àdírẹ́sì bá tán báyìí, ẹni tó pẹ́ dé kò ní rí ọ̀kankan gbà. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí méjì. Fóònù tó bá ṣì wà nítòsí yóò tún un yá fúnra rẹ̀ nígbà tí wákàtí kan bá kọjá, èyí tó bá ti lọ ilé kò ní di ẹlòmíràn lọ́wọ́.